Àbọ̀ Orin

Ogójì dọ́là ni mo rà wọ́n, sípíkà méjì,
lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó lọ sí Kálígárì;
sílẹ́ẹ̀jì ọmọ ni mo fi wọ́ wọn wálé lórí yìnyín,
ní Élímúùdù, ní Wínípẹ̀gì,
lọ́dún tí Ṣùbòmi ṣì ń rákòrò.
Igi gidi ni wọ́n. Wọ́n wúwo bí ọ̀rọ̀ àgbà.
Ológbò ẹni tó ni wọ́n rí
ti fi èékánná kọ̀wé sára aṣọ àyà wọn,
ìwé tí ẹnikẹ́ni ò rí kà.

Wáyà wọn gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá.
Adúnọlá, ìyàwó mi, a máa fẹsẹ̀ kọ ọ́:
"Sànmí, ṣé ilé nìyí ni, àbí pańpẹ́?"

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kú,
ti sídì náà sì tẹ̀ lé e lọ.
A gbé ìkòkò òdòdó lé ọ̀kan lórí,
a to bíìlì iná lé èkejì.
Ọmọ ra sípíkà tó rí bí agolo mílíìkì:
ariwo wà lẹ́nu ẹ̀, ikùn ni ò ní.

Sátidé kan nínú oṣù kejì,
òtútù ti já ọgbọ̀n sísàlẹ̀ òdo,
etí ẹni dàbí ohun tí wọ́n yáni.
Ṣùbòmi mú páálí kékeré kan dé,
kò ju ilé ìṣáná lọ.
"Dádì, ẹ má tà wọ́n o.
Ẹnu wọn ṣì wà. Etí nìkan ló kù tí a máa fún wọn."

Pupa sí pupa, funfun sí funfun.
Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà,
iná tọ́ọ̀ṣì ni mo dì mú fún un.
Lẹ́yìn ámúpílífáyà, nínú eruku,
a bá yẹtí Adúnọlá kan;
ó ti ju ìkejì ẹ̀ nù tipẹ́tipẹ́.

Iná búlúù ṣẹ́jú. Ṣùbòmi na ọwọ́ sí fóònù.
Kó tó tẹ̀ ẹ́, sípíkà wúkọ́,
àkọ́díánì bẹ̀rẹ̀ sí í mí,
obìnrin kan sì ń kọrin
ní èdè tí kì í ṣe tiwa,
tí kì í ṣe tàwọn tó gbà wá sílé.
A wo ara wa. "Kì í ṣe fóònù mi o."

Lókè àjà, ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀,
kó, kó, kó.
Bàbá Wásílì ń wá orin ẹ̀ kiri yàrá
bí ẹni ń wá awò ojú tó wà lójú ẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án la ti ń kí ara wa
pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, nínú yìnyín,
kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùbòmi fẹ́ já a. Mo ní, "Dúró ná."
Mo gòkè, mo kan ilẹ̀kùn.
Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ìbọ̀sẹ̀,
ó dúró láàárín sípíkà méjèèjì.
"Ṣé ibí ló sá wá?"

Kò jókòó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àyà tọ̀tún,
ó fi kan àyà tòsì.
Ó ti tún rédíò ṣe rí, ní ilé iṣẹ́ rélùwéè.
"Ọ̀kan ń fà," ló wí, "èkejì ń tì.
Ta ló so wáyà yìí?"
Mo wo àjà.
Ó kúnlẹ̀, orúnkún ẹ̀ dún ju orin lọ,
ó gbé dúdú sípò pupa, ó gbé pupa sípò dúdú,
ikùn orin bá jáde látinú igi,
àwọn bíìlì iná gbọ̀n níbi tí wọ́n wà.
Ọdún mẹ́tàdínlógún!
Àbọ̀ orin ni mo fi ń mi orí.

Adúnọlá gbé tíì wá fún àlejò.
Ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ nǹkan lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.
"Ṣebí ẹ ní kò sí wáyà mọ́?"